Ìbọn Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ìró Kan

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó búrẹ́dì yẹn fún wọn."

Ìgbà kẹrin nìyí tí Touda máa bẹ bàbá rẹ̀ àgbà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ìṣeré kan ní Marakéṣì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti ṣàlàyé títí ó ti rẹ̀ ẹ́ pé wọn kì í gbé oúnjẹ ìta wọlé, pé oúnjẹ tó máa yó gbogbo àlejò ti wà nínú. Bàbá Bouazza kò tú àpò rẹ̀ sílẹ̀. Búrẹ́dì báálì márùn-ún ló wà níbẹ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ nínú ààrò kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Afẹ́fẹ́ ló kún inú búrẹ́dì Marakéṣì," ni bàbá wí. Ó wo ọkùnrin náà tìyanu-tìyanu. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyá rẹ ò fún ọ ní ti báálì jẹ rí ni?"

Àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ti tò gùn lẹ́yìn wọn. Obìnrin kan mí kanlẹ̀. Ó ṣe Touda bíi kó wọ inú ilẹ̀ lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń fara dà á. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n lò láti abúlé wọn lẹ́yìn Bẹni Mẹlaali, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá sì dá awakọ̀ dúró: lẹ́ẹ̀kan kí ó lè kírun, lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè sọ fún ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà pé ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ wọ́ sí apá kan.

Níkẹyìn, bàbá fún wọn ní búrẹ́dì mẹ́ta. Touda rí i dáadáa nígbà tó ń ti méjì tó kù bọ inú fìlà tó so mọ́ ẹ̀yìn jálàbíà rẹ̀. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Rahhal, ẹ̀gbọ́n Touda, ni wọ́n wá wò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyí nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin Ọ̀gá Maati. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gun ẹṣin fún àwọn àlejò tó ń wá jẹun nínú ọgbà yìí. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ká bàbá lára. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, ẹgbẹ́ náà ń lọ síbi ìdíje gbogbo agbègbè, ibi tí bàbá fúnra rẹ̀ ti gun ẹṣin fún ọgbọ̀n ọdún. Bàbá ló kọ́ Rahhal láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì kan irin tí wọ́n ń tẹ̀ lára gàárì.

Nínú bọ́ọ̀sì, bàbá tún gbogbo rẹ̀ ṣàlàyé fún Touda bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí.

"Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀tù fún gbogbo ìbọn. Kò sí ọta níbẹ̀, ẹ̀tù lásán ni, ṣùgbọ́n bí tìrẹ bá pọ̀ ju tèmi lọ, ohùn rẹ á wúwo ju tèmi. Ẹṣin á kọ́kọ́ rìn, á sáré díẹ̀, á wá nà án tán. Aṣáájú wà láàárín, òun ló ń pè. Ìpè kìíní, ẹ dìde dúró lórí ẹṣin. Ìkejì, ìbọn gòkè. Ìkẹta, ìka gbogbo yín fà á. Àwọn adájọ́ ò wo aṣọ yín. Ìró ni wọ́n ń kà. Ìbọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìró kan. Bó bá di méjì, ẹ máa lọ sílé."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"O ò tíì gbọ́ ti ẹṣin. Ẹṣin náà mọ ìpè. Ẹ̀yìn ìpè kẹta ló ti ń retí ìró. Bí ẹnì kan bá yìn ín ṣáájú, ẹṣin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rò pé ikú dé ni."

Touda ti ń fi nǹkan tí à ń kì sétí gbọ́ orin nígbà yẹn. Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òun ló ń bójú tó ojú ewé Rahhal lórí ẹ̀rọ ayélujára, Kenza ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Gbogbo wọn wọ funfun, gbogbo wọn we láwàní," ni Kenza wí. "Èwo ni ẹ̀gbọ́n rẹ níbẹ̀, àbí ẹṣin ni?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí tíṣà fi wọlé.

Nígbà tí wọ́n jókòó sí àgọ́ wọn tán, Rahhal wá kí wọn. Aṣọ funfun balẹ̀ lára rẹ̀, ìbọn ṣakabùlà gígùn wà léjìká rẹ̀. Ó fẹnu ko bàbá lọ́wọ́ àti lórí. Bàbá gba ìbọn náà, ó ki ìka bọ ihò ẹnu ìbọn, ó gbóòórùn ìka náà.

"Ta ló wọn ẹ̀tù?"

"Ọ̀gá Maati fúnra wọn ni, Bàbá."

"Ó dáa."

Touda fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sídìí òpó àgọ́. "Ṣé ẹ rí ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí yín lánàá?"

"Mo rí i. Orí rẹ ò pé."

"Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni mo ní kí ẹ fi ṣáájú wọn. Èéfín tiyín nìkan á yọ. Ọwọ́ òsì pátápátá lẹ wà, ẹ̀gbẹ́ wa níbí gan-an. Màá yà á, gbogbo ayé á mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀yin."

"Ọ̀gá Maati á bó mi láwọ."

"Nínú ariwo yẹn? Ta ló máa mọ̀? Àwọn tó ń jẹun níbí ò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí ìbaaka."

Rahhal wo ẹ̀yìn bóyá bàbá ń gbọ́. "Ènìyàn mélòó ló ń tẹ̀ lé wa báyìí?"

"Irínwó ó lé díẹ̀. Kenza ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ológbò ló sì ń yà."

Rahhal kò sọ pé òun á ṣe é, kò sọ pé òun ò ní ṣe é. Ó kàn tún láwàní rẹ̀ we nínú dígí fóònù Touda, ó sì lọ.

Wọ́n gbé ọbẹ̀ harira wá. Bàbá fi síbí rò ó, ó ní ẹ̀wà mẹ́ta péré lòun rí nínú tòun, ó sì bi agbáwo bóyá wọ́n ń ka ẹ̀wà sọ́wọ́ àlejò ni. Touda dorí kodò. Kó tó jẹun tán, iná pápá tàn, àwọn ẹlẹ́ṣin sì yọ ní òpin ọ̀hún. Ó gbé fóònù sókè. Ìgbà tó bojú wo ẹ̀gbẹ́, bàbá ti yí àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì di ojú méjèèjì.

"Bàbá, ẹ la ojú yín. Wákàtí mẹ́rin la fi wọ bọ́ọ̀sì wá síbí."

"Dákẹ́, jẹ́ n gbọ́."

Àwọn ẹṣin rìn, wọ́n sáré, wọ́n wá nà án tán. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá Maati pè lẹ́ẹ̀kan, àwọn ẹlẹ́ṣin dìde. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, ìbọn gòkè. Nínú fóònù Touda, èéfín kan ṣoṣo bú jáde ní ọwọ́ òsì, funfun báláú, kí ti àwọn yòókù tó bo gbogbo pápá. Ẹṣin dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rahhal yà bìrí. Ẹni tó gùn ún, Driss, ọkùnrin tó ti ń darúgbó, sọ irin ẹsẹ̀ nù, ó rọ̀ mọ́ ọrùn ẹṣin náà títí wọ́n fi dúró.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Bàbá kò pa. Ó la ojú, ojú rẹ̀ sì le.

"Méjì," ni ó wí. "Odidi ìró méjì."

Touda ti fi fídíò náà sí ojú ewé wọn. Kí wọ́n tó gbé ọ̀dọ́ àgùntàn sísun àti kúskúsù dé, fóònù rẹ̀ ti ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró. Kenza náà kọ̀wé: "Ó dáa, mo ti wá rí i." Inú Touda dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀yìn náà ni Ọ̀gá Maati wọ àgọ́ wọn láti kí àgbà ẹlẹ́ṣin. Driss tẹ̀ lé e, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú. Rahhal wà lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá?" ni Maati bi í.

"Mo gbọ́. Ojú tì mí fún yín."

"Driss ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ń sọ fún mi pé ìka ń ro òun. Ó yẹ kí n ti mú un kúrò tipẹ́. Kò ní bá wa lọ síbi ìdíje."

"Maati, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, mo dúró de ìpè rẹ," ni Driss wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń bá ọ gun ẹṣin. Ìró náà ti ẹ̀gbẹ́ mi wá, òun ló dẹ́rù ba ẹṣin mi. Àwọn ọmọ mi ti ń múra láti wá wò mí níbi ìdíje yẹn."

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?" ni Bàbá Bouazza béèrè.

Driss kò fẹ́ sọ ọ́. "Rahhal ni, Bàbá."

Bàbá Bouazza rẹ́rìn-ín kíkan. "Ọmọ tí mo fọwọ́ mi kọ́? Tí mo ti na ìka rẹ̀ nítorí èyí láti kékeré? Rárá o. Driss, ara ló kọ̀ fún ọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ tí tèmi kọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ náà, sọ̀ kalẹ̀."

Touda wo Rahhal. Ó ń retí kí ó la ẹnu. Rahhal ń fi àtàǹpàkò họ okùn ìbọn rẹ̀, ó ń họ ọ́, ó ń họ ọ́, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Inú bí Touda débi tí etí rẹ̀ gbóná. Sọ̀rọ̀, ó ń wí nínú ara rẹ̀. Ọkùnrin bí ìwọ, sọ̀rọ̀. Fóònù tún gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rántí pé òun náà ní ẹnu, pé ọ̀dọ̀ òun sì ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Bí ó bá fi fídíò náà hàn, Rahhal ti pàdánù ìdíje nìyẹn, bàbá yóò sì gbọ́ ọ níwájú ènìyàn. Bí kò bá fi hàn án, ọkùnrin tí kò ṣe nǹkan kan ni yóò padà sílé lọ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọ́n lé òun.

Ó na fóònù sí Maati. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Bàbá Driss kọ́. Èmi ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi yìn ín ṣáájú kí n lè ya èéfín rẹ̀."

Maati wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Bouazza kò gbà á wò. "Jẹ́ kó dún sókè," ni ó wí. Touda gbé ohùn fóònù náà sókè. Bàbá di ojú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Touda náà di tirẹ̀, ó sì gbọ́ ọ ketekete: ìbọn kan, àlàfo kékeré, lẹ́yìn náà ni gbogbo ìyókù.

"Rahhal, gbé ìbọn wá," ni Maati wí. "Gàárì lo máa máa dì níbi ìdíje. Lọ́dún tó ń bọ̀, o lè wá bẹ̀ mí."

"Ọ̀gá, ẹ̀bi mi ni," ni Touda wí. "Èmi ni mo sọ ọ́."

"O sọ ọ́. Ìka rẹ kọ́ ló fà á."

Rahhal gbé ìbọn sílẹ̀. Ó yíjú sí Driss, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Driss ní kó dìde, pé òun ti gbọ́.

Bàbá Bouazza dìde láti orí àga rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nà ró. "Driss," ni ó wí, "mo ti fi etí mi yangàn lójú gbogbo yín. Nígbà tó kan ọmọ mi, mo di í. Dárí jì mí." Ó ki ọwọ́ sẹ́yìn jálàbíà rẹ̀, ó yọ búrẹ́dì báálì kan jáde, ó gé e sí méjì, ó sì na ìlàjì rẹ̀ sí ọkùnrin náà. Driss gbà á, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀.

"Èyí ló ní adùn," ni ó wí.

"Ṣé ìwọ gbọ́ báyìí?" ni bàbá sọ fún Touda.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò mu tíì tán, àwọn ẹlẹ́ṣin tún gun ẹṣin lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Wọ́n ti fi aṣọ di ọrùn ọwọ́ Driss, ó sì wà láyè rẹ̀. Rahhal dúró lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ létí pápá, ó di ìjánu ẹṣin rẹ̀ mú. Kò wo ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Touda ti pa fídíò náà rẹ́, ó sì ti kọ èsì sí Kenza: "Èmi ni mo ní kó ṣe é, àṣìṣe sì ni." Touda ti fóònù bọ inú àpò, ó yí àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti bàbá, ó sì di ojú.

Ìpè kìíní. Ìpè kejì. Ìpè kẹta. Ìró náà gbá a láyà bí ilẹ̀kùn ńlá kan tó pa dé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mélòó?" ni bàbá bi í.

"Ọ̀kan, Bàbá."

Ó sì yé e. Ó ti fẹ́ kí ayé mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ wà nínú pé kò sí ẹni tó dá yàtọ̀. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà ló pàtẹ́wọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ já lulẹ̀. Òtítọ́ tó sọ kò dá ipò Rahhal padà, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ìyà wọn di ti ẹlòmíràn.

Lọ́nà ibùdókọ̀, Rahhal gbé àpò bàbá lé èjìká. Nígbà tó yá ó ní, "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí o tó sọ ọ́."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni Touda wí. "Ó yẹ kí èmi náà ti pa ẹnu mi mọ́ lánàá."

Níwájú wọn, bàbá ti dúró ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó ń ṣàlàyé fún un pé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kan kò ní atẹ́gùn tó. Touda mí kanlẹ̀, ó lọ dúró tì í, ó sì wo táyà náà dáadáa. Òótọ́ ni.