Irun Ìrù Ọ̀gágun

Ẹ̀yìn Ọ̀gágun, akọ màlúù bàbá rẹ̀, ni ọ̀dọ́kùnrin wa ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin kan. Ọmọbìnrin náà wọ bàtà òjò tó dé orúnkún, ó gbá ìrù Ọ̀gágun mú, ó ń fa irun ibẹ̀ tu. Ọ̀gágun tí kì í gba àlejò láyè sì dúró jẹ́ẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ò bẹ̀rù pé ó lè ta yín nípàá?"

"Ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀, ẹ wá ràn mí lọ́wọ́."

Ilé àyẹ̀wò ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń wá àmì àbímọ́ tó ń sọ bóyá ẹran màlúù máa rọ̀ lẹ́nu tàbí ó máa yi. Ọ̀dọ́kùnrin wa sáré mú àlùmọ́gàjí, ó gé irun ẹ̀kúnwọ́ wá, ó ń yangàn. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbòǹgbò irun ni iṣẹ́ wà. Èyí tí ẹ gé yìí, ẹ lọ fi ṣe irùngbọ̀n."

Bó ṣe di Alálùmọ́gàjí nìyẹn, tí ọmọbìnrin náà sì di Onírun. Ìfẹ́ wọ àwọn méjèèjì dé egungun, kí n má purọ́ fún yín. Bàbá pàápàá ti ń pè é ní ọmọ mi.

Àfi bí èsì àyẹ̀wò ṣe jáde: Ọ̀gágun kò ní àmì ẹran rírọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ òun ni bàbá fẹ́ kó máa gun gbogbo abo inú agbo.

"Onírun mi, ṣáà sọ pé irun náà bà jẹ́," Alálùmọ́gàjí bẹ̀ ẹ́. "Bàbá fẹ́ràn màlúù yẹn ju èmi lọ. Tó bá gbọ́ èyí, ìgbéyàwó wa ti bọ́ nìyẹn."

"Tí mo bá fi irọ́ wọ ilé yín, kí ni mo fẹ́ fi máa gbé ibẹ̀?"

Ojú tì í. Onírun lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ẹni tó tàbùkù Ọ̀gágun kò ní wọ ilé yìí mọ́," bàbá wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ọmọ rẹ̀ dáhùn, "èmi ni mo ní kó purọ́ fún yín. Ó kọ̀. Irú ẹni tí mo fẹ́ kó jẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi nìyẹn." Orí rẹ̀ wú nítorí obìnrin yìí.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bàbá ò ra òtítọ́ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá ló pa akọ kan tí Ọ̀gágun bí. Wọ́n sè é títí, bàbá jẹ ẹ́ títí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro ó. Ó tu ti ẹnu rẹ̀ dànù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí ọmọ òun gbé òun lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ó tú kókó áńkáṣíìfù rẹ̀ síwájú Onírun. Irun ìrù akọ kékeré kan ni, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà sí nínú agbo.

"Ìyàwó wa," ló wí, "ó ta mí nípàá, ṣùgbọ́n mo fà á tìdítìdí. Bá mi wò ó. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ fún mi."

Onírun kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Gbòǹgbò rẹ̀ pé.

"Ẹ mọ irun fà ju ọmọ yín lọ, Bàbá."

"Mo mọ̀," bàbá dáhùn. "Tí ẹ bá ti délé yín, kí o kọ́ ọ."