Ẹni Tó Ń Pe Àgbékẹ́ ní Ire-Akari

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gba inú ẹ́sítéètì Ire-Akari n'Ísọlọ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan. Kó má gbé mọ́tò, kó má gun ọ̀kadà. Kó gun ohun tí kì í pariwo, kó sì dákẹ́. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, kó máa dúpẹ́.

Morọ́lá ló ṣẹlẹ̀ sí. Abiyamọ ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tómilọ́lá. Ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ̀rọ̀. Kò pe Mọ́mì, kò pe Dádì, kò bèèrè omi rí. Tó bá fẹ́ nǹkan, á fa aṣọ ìyá rẹ̀, á nawọ́ sí i. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní etí rẹ̀ ń gbọ́, ahọ́n rẹ̀ kò lábùkù, kí wọ́n ṣe sùúrù. Sùúrù! Wọ́n ń tà á níbì kan ni? Tí ọmọ bá ti sùn, Morọ́lá á gbé etí lé e láyà, bóyá ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tó ń wá ọ̀nà àtijáde.

Tẹ́lẹ̀, mọ́tò ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Bọ́lájí ọkọ rẹ̀ á wà á, wọ́n á ká gíláàsì sókè, wọ́n á tan éésì, rédíò á máa sọ tirẹ̀. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wá di ọ̀rọ̀ ẹkún, Bọ́lájí ta mọ́tò, ó ra kẹ̀kẹ́ oníná. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, apẹ̀rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ìjókòó kékeré kan wà lẹ́yìn. Kì í mu epo, àfi kí wọ́n ṣáájì rẹ̀ bí ẹni ń ṣáájì fóònù. Kì í sì í dún. Tó bá ń kọjá lọ, á dà bí ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ lára èèyàn.

Ẹ̀rù rẹ̀ kọ́kọ́ ba Morọ́lá. Kí ni ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà á? Ọ̀já méjì ló fi gbé ọmọ pọ̀n, ó dé akoto, ó ń rọra wà á lọ lẹ́bàá ọ̀nà títí àwọn ọlọ́kadà fi ń bi í pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ń lọ ni, àbí ẹ ń bọ̀?" Àmọ́ nígbà tó yá, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn bí ọmọ ṣe ń mí sí i lẹ́yìn ọrùn. Nínú mọ́tò, kò gbọ́ èémí yẹn rí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó lọ ra ata lọ́dọ̀ Ìyá Ṣàmsúdéènì lọ́jà Ìsọlọ̀.

"Ìyá Tómi! Kẹ̀kẹ́ ẹ yìí ò kúkú lóhùn."

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, mà."

"Ó bá yín mu. Ìyá dákẹ́, ọmọ dákẹ́, kẹ̀kẹ́ dákẹ́. Ta ló wá fẹ́ bá mi ná ọjà?"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Morọ́lá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Ìyá Ṣàmsúdéènì rí i. Ó bu ènì kún ata, ó fọwọ́ kan ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Á sọ̀rọ̀, jàre. Á sọ ọ́ títí wàá fi ní kó panu mọ́."

Morọ́lá kó ata àti tàtàṣé sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi gààrí, búrẹ́dì àti ẹja títúsì kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yìn Àgọ́ Palace ni wọ́n ń gbé. Kò fẹ́ bá àwọn tirélà du títì, ó bá yà gba inú Ire-Akari.

Oòrùn wà lókè àtàrí. Òjìji ti sá sábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní kò dáa kéèyàn gbé ọmọ rìn nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja inú yìnyín kì í dúró de ìrọ̀lẹ́.

Kò sẹ́nì kankan ládùúgbò. Jẹnẹrétọ̀ kan ò dún. Ajá kan sùn sábẹ́ ọgbà, kò gbórí sókè. Táyà nìkan ló ń ha yanrìn.

Ó wá gbọ́ ìgbálẹ̀. Ṣáá. Ṣáá. Ṣáá.

Ilé kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ẹyin ni ohùn ọ̀hún ti ń wá. Àgádágodo ara géètì rẹ̀ ti dípẹtà. Koríko ti hù dé ìbàdí níwájú rẹ̀. Ta ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan?

Ìgbálẹ̀ dúró.

"Àgbékẹ́ o!"

Ohùn obìnrin ni. Kò pariwo. Ohùn ẹni tó se oúnjẹ tán ni, tó ń pe ọmọ kó wá jẹun. Ó dùn débi pé omi lé sí Morọ́lá lójú kí ẹ̀rù tó ráyè bà á.

Ẹ̀rù wá dé. Nítorí Àgbékẹ́ ni oríkì Tómilọ́lá. Ìyá Bọ́lájí ló fún un lọ́jọ́ ìkómọ, kó tó padà sí Adó-Èkìtì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi pè é l'Ékòó. Tómi ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ta ni wọn ò kọ́ nílé? Tí wọ́n bá pè ọ́, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́. Morọ́lá di eyín pọ̀. Ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó lè sáré.

"Àgbékẹ́ o!"

Lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí èémí ọmọ máa ń wà, ohùn kékeré kan ní:

"Mà!"

Kẹ̀kẹ́ yà bàrà. Ata dà sílẹ̀ ó ń yí lọ nínú yanrìn. Morọ́lá ò wẹ̀yìn wò.

Bọ́lájí ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó já wọlé.

"Tómi sọ̀rọ̀," ni Morọ́lá wí.

"Kí lo sọ?"

"Ó ní 'Mà'. Wọ́n pè é, ó dáhùn."

Bọ́lájí gbé ọmọ, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jó káàkiri. "Ọmọ mi sọ̀rọ̀! Ọmọ mi ti sọ̀rọ̀!"

"Dádì Tómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí pé ta ló pè é."

"Ẹni yòówù kó pè é, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ má gbẹ."

Nígbà tó gbọ́ ìyókù, ijó tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọmọ kalẹ̀. Ó pè é, "Àgbékẹ́!" Ọmọ wò ó, ó rẹ́rìn-ín sí i, kò jẹ́. Ó lọ pè é láti inú yàrá. Morọ́lá lọ pè é láti ilé ìdáná, ó gbìyànjú kí ohùn òun náà dùn. Ọmọ kò jẹ́.

Wọ́n fi fóònù pe ìyá Bọ́lájí l'Ádó.

"Ìyá, ṣé ẹ sọ oríkì Tómi fún ẹnì kankan l'Ékòó ni?"

"Ta ni mo mọ̀ l'Ékòó?"

Morọ́lá rò fún un. Ìyá ní kí wọ́n gbọ́ dáadáa.

"Ẹ má gba ibẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá ṣèèṣì gbà á, tó sì pè é, fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu."

"Ìyá, ibẹ̀ nìkan ló ti sọ̀rọ̀ rí."

"Mo gbọ́. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, ọmọ ni. Èyí tó bá tẹ̀lé ohùn lọ ńkọ́?"

Bọ́lájí kò fẹ́ kọ́rọ̀ náà kú bẹ́ẹ̀. Ó yá mọ́tò Teslim ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀, wọ́n gba iwájú ilé náà. Ẹ́ńjìnì ń kùn, bẹ́líìtì ń han. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Tómi sùn lọ fọnfọn.

"O rí i?" ni Bọ́lájí wí. "Oòrùn ló pa ọ́ lọ́jọ́ yẹn." Àmọ́ kò wo ojú ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Morọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í gba títì. Ó ń bá àwọn tirélà du ọ̀nà, ó ń ké pe Jésù ní gbogbo kọ́nà. Tí wọ́n bá ti kan ibi tí wọ́n ti ń yà sí Ire-Akari, Tómi á fi gbogbo ara tẹ̀ síhà ibẹ̀ nínú ọ̀já. Nílé, tó bá di ọ̀sán, á lọ dúró lójú fèrèsé, á ya ẹnu díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìbéèrè.

Ní ọjọ́ kan, Morọ́lá ń se iṣu. Tómi fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ọmọ mìíràn ì bá figbe bọnu. Tómi ya ẹnu, kò sí ohùn níbẹ̀. Omi ojú ń ṣàn, ó na ìka tó jó sí ìyá rẹ̀, ó sì ń wò ó. Ẹ̀yìn ni Morọ́lá kọ sí i ní gbogbo àkókò yẹn, ìgbà tó máa fi yí padà, ìka ti léròrò. Tí kì í bá ṣe pé ó yí padà ńkọ́? Ó da omi tútù sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ìka náà sẹ́nu. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná, wọ́n jọ ń sunkún, ẹnì kan ló ń dún nínú wọn.

Nígbà tó tún di Sátidé, ó ra ọjà tán, ó yà sí Ire-Akari.

Ó pa kẹ̀kẹ́ níwájú géètì náà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀. Oòrùn wà lókè. Àgádágodo wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ koríko mọ́lẹ̀.

Ṣáá. Ṣáá.

Ìgbálẹ̀ dúró.

"Àgbékẹ́ o!"

Morọ́lá gbọ́ bí ọmọ ṣe fa èémí sínú kó lè jẹ́. Ó nawọ́ sẹ́yìn wàrà láti bò ó lẹ́nu, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe wí. Ọwọ́ rẹ̀ kan ètè ọmọ. Ó gbóná. Ó ti ṣí sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnu tí òun ti ń bẹ Ọlọ́run látọjọ́ yìí pé kó ṣí, ṣé òun náà ni yóò wá pa á dé?

Ó mú ọwọ́ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Mà! Àgbékẹ́ wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni ìyá rẹ̀. Èmi ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́. Ewé ò mì. Géètì ò ṣí, àgádágodo ò mira. Ṣùgbọ́n òórùn kan jáde, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òórùn àdí àgbọn, irú èyí tí wọ́n fi ń para fún ọmọ tuntun.

"Mọ́mì."

Kì í ṣe inú ilé náà ló ti wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti wá.

"Tómi?"

"Mọ́mì, ebi ń pa mí."

Morọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sunkún, kò mọ èwo ló ń ṣe. Ó ya búrẹ́dì, ó nà án sẹ́yìn gba èjìká. Ó gbọ́ bí ọmọ ṣe ń jẹ ẹ́. "Ìka ń dùn mí," ni ọmọ wí. "Ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i." Ọ̀rọ̀ ń jáde bí omi ẹ̀rọ. Ta ló kọ́ ọ? Ìgbà wo ló kọ́ ọ?

"A ti ń lọ sílé," ni Morọ́lá wí. "Kí Dádì gbọ́ ohùn ẹ." Ó tan kẹ̀kẹ́.

"Mọ́mì, ẹ dúró ná."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Wọn ò tíì jókòó dáadáa."

Morọ́lá ò yíjú padà. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò nù ún. Ó lè fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kó gbé ọmọ sá lọ. Ṣùgbọ́n ohùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń bi í pé, "Ṣé ẹ gbọ́, Mọ́mì?" Ohùn ọmọ rẹ̀ ni. Ó fẹ́ kó tún bi òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló tẹ̀, bí ìgbà tí àgbà obìnrin bá kó ìró jọ kó tó fìdí kalẹ̀. Òórùn àdí àgbọn sún mọ́ wọn.

"Ṣé wọ́n ti jókòó?" ni Morọ́lá bèèrè.

"Wọ́n ti jókòó."

Morọ́lá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí.

"Ní kí wọ́n dì ọ́ mú dáadáa o," ó wí, ó sì rọra wà á jáde sọ́nà Àgọ́ Palace, láìsí ariwo kankan.