Ohun Tí Kúbúrá Kò Lè Sọ Lójú Èrò

"Ìyá oní-ṣúgà dà? Ìyá oní-ṣúgà, ẹ máa bọ̀!"

Nọ́ọ̀sì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá dókítà, ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Ọ̀wọ̀. Gbogbo èrò yíjú wò. Kúbúrá, tó ń rán aṣọ iléèwé láàárín ìlú, ni wọ́n ń pè. Ojú ti obìnrin náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìbòrí rẹ̀ bo gbogbo orí. Kì í kúkú ṣe pé ó jalè o, ara rẹ̀ ni kò yá. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Àsàlátù rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, kò sì sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé àtọ̀gbẹ ń ṣe é.

Hamidat, ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì SS2, dì í lọ́wọ́ mú. Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ó ti tún ń bèèrè sókè bóyá Kúbúrá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

"Mò ń lò ó dáadáa," ni Kúbúrá dáhùn kíá, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán.

Irọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí oṣù Ràmàdáánì ló ti ń gbààwẹ̀, kò sì fẹnu kan oògùn. Èyí tó yẹ kó lò láàárọ̀, ó ní yóò ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Ti alẹ́ ńkọ́? Bó bá ti ṣínu tán, oorun ti gbé e lọ nìyẹn. Hamidat mọ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ la ẹnu níwájú dókítà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wò ó, irú ìwò tí gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ló bá panu mọ́. Dókítà wo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó mi orí, ó ní ó jọ pé oògùn náà kò ràn án mọ́. Ó fi òmíràn kún un. Kò bèèrè nǹkan mìíràn, àwọn náà kò sì bèèrè.

Ọ̀rọ̀ dókítà ba Kúbúrá lẹ́rù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà ní àsìkò sààrì, ó sì ń gba ààwẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Hamidat ti iléèwé dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Àyà ọmọ náà já. Ó ti gbọ́ rí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ lè lọ sílẹ̀ jù bí kò bá jẹun, ló bá sáré po ṣúgà sínú omi, ó bẹ ìyá rẹ̀ títí ó fi mu ún. Nígbà tí ara Kúbúrá wá balẹ̀, Hamidat lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún. Ó mọ̀ pé ẹnu tí òun pa mọ́ wà lára ohun tó fẹ́ pa ìyá òun.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n padà sí ilé ìwòsàn. Olùkọ́ Hamidat kan, Ọ̀gbẹ́ni Rufus, ti kọ́ wọn rí ní kíláàsì pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n má tú àṣírí rẹ̀, kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún un ní èdè tó gbọ́, kó sì fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́ wọn, ohun tí wọn yóò bi wọ́n nínú ìdánwò lásán ni Hamidat kà á sí.

"Ìyá oní-ṣúgà!"

Hamidat dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Kúbúrá ni orúkọ ìyá mi. Ẹ má bínú, inú yàrá la fẹ́ ti sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ̀tọ́ wọn ni, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó tòkè tilẹ̀. Ó ní ṣé ọmọ àná ló fẹ́ wá kọ́ òun níṣẹ́ tí òun ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i. Kúbúrá pàápàá ń fà á láṣọ pé kó jókòó. Hamidat kò jókòó. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, síbẹ̀ ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dókítà Ọmọ́báyọ̀, ọmọ Àkókó, ẹni tó fi oògùn kún ti Kúbúrá lọ́jọ́sí, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ó yọjú, ó ní ọmọ náà kò ṣì í sọ, ó pè wọ́n wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn tì tán ni Kúbúrá tó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tẹkún tẹkún. Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ forí jì wá," ó ní. "Ó yẹ kí n bi yín dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe oògùn àkọ́kọ́, ẹ kò lò ó ni. Èyí tí mo wá fi kún un, tí ẹ ń lò tí inú yín ṣófo látàárọ̀ dalẹ́, ó mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín lọ sílẹ̀ jù, òun ló fẹ́ gbé yín lọ."

Ó ṣàlàyé ewu tó wà nínú ààwẹ̀ fún un, ó ní ọwọ́ rẹ̀ ni ìpinnu wà. Kúbúrá bèèrè tibí, ó bèèrè tọ̀hún, àwọn ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn ó ní Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, òun yóò máa bọ́ aláìní dípò ààwẹ̀. Dókítà dá a padà sórí oògùn àtijọ́, ó sì kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì pé orúkọ nìkan ni kó máa pè láàárín èrò.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, nígbà tí wọ́n dé ìtòsí ṣọ́ọ̀bù, Kúbúrá dúró, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Nígbà tí o dìde yẹn, inú bí mi sí ọ," ó ní. "Mo ní o dójú tì mí. Àṣé ìtìjú yẹn gan-an ló ń pa mí lọ."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà, ẹ bèèrè ohun tí kò bá yé yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kéde àìsàn yín lójú èrò. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tó sì sọ̀rọ̀ kò ya aláìgbọ́ràn. Kúbúrá ṣì ń rán aṣọ iléèwé lónìí nítorí pé ọmọ rẹ̀ la ẹnu.