Kápúsù Inú Tíì Bàbá

Màmá Kékeré fi èékánná ya kápúsù náà sí méjì, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sínú ife tíì, ó sì rò ó títí tí kò fi hàn mọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ní bẹ́kárì tó wà lẹ́yìn ilé wọn, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀.

Àìgbọ́ ohùn yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá rẹ̀, àpárá ọkùnrin náà sì máa ń gbóná ju búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Àfi bó ṣe di ẹni tí ń jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, tí ń wo ògiri bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sí òkú, kò sí ìjà, ọjà sì ń tà. Síbẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Búrẹ́dì àti tíì nìkan ló ń jẹ. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ mìíràn síwájú rẹ̀, á ní òun ti yó.

“Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un,” ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. “Má da bàbá ẹ láàmú.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn nínú ilé yẹn. Ọmọ kì í béèrè ohun tó ń ṣe àgbà. Bí orí bá ń fọ́ bàbá, wọ́n á ní ó ń sinmi. Bí ìyá bá ń sunkún, wọ́n á ní àlùbọ́sà ni, kódà bí kò bá sí àlùbọ́sà nílé.

Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́kárì ló sọ ọmọbìnrin náà ní Màmá Kékeré, nítorí pé àtikékeré ló ti ń pàṣẹ fún wọn: ẹ fọwọ́, ẹ bo ìyẹ̀fun, ẹ má fi fìlà nu òógùn. Ní báyìí tó ti wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kò gbà pé òun lè tún ṣe. Bàbá rẹ̀ náà sì ti wọ inú ohun tó fẹ́ tún ṣe.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ló fún un ní ike kápúsù náà. Mo-Ti-Rí-I ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí kò sí ohun tí èèyàn sọ tí kò ní ní òun ti rí i lórí fóònù.

“Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe bàbá ẹ,” ni Mo-Ti-Rí-I wí. “Mo ti rí i. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń tà gan-an ló máa wò ó sàn. Kì í tiẹ̀ ṣe oògùn, àfikún oúnjẹ ni. Ewé lásán ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní wàhálà kankan.”

“Ṣé kí n wá sọ fún Dádì?”

“Kí lo fẹ́ sọ? Tó o bá sọ fún àgbàlagbà pé ọkàn ẹ̀ ń ṣàìsàn, á ní ṣé o pe òun ní wèrè ni. Ṣebí ìwọ lò ń po tíì fún wọn? Dà á sí i jàre, kí gbogbo wa sinmi.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bí Màmá Kékeré bá ti ilé ìwé dé, tó fẹ́ po tíì bàbá rẹ̀, á kọ́kọ́ ya kápúsù kan sí i. Ike náà kì í kúrò nínú àpò aṣọ rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má bàa rí i.

Ó sì jọ pé ó ń ṣiṣẹ́! Kò pẹ́ tí Oníbúrẹ́dì tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun gbá òṣìṣẹ́ kan lẹ́yìn, ó ní, “Ìwọ náà ti di búrẹ́dì, ó ku ká tì ẹ́ sínú iná.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Màmá Kékeré sá wọ ilé lọ, ó ń fò sókè nínú yàrá ní òun nìkan. Òun ló wo bàbá òun sàn! Ó wá rò ó pé, bí ọ̀kan bá lè ṣe báyìí, méjì ńkọ́? Ó sọ ọ́ di méjì. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́ di mẹ́ta.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ yí padà. Oníbúrẹ́dì ń fa búrẹ́dì jáde nínú iná nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pátákó ìfabúrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, búrẹ́dì fọ́n ká ilẹ̀. Òógùn bò ó, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pìpì. Màmá Kékeré sáré dì í mú.

“Dádì! Dádì, kí ló dé?”

Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. “Ta lò ń pè ní Dádì?” ló béèrè. “Ta lọmọ yìí?”

Ọ̀rọ̀ náà bá a bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí i lára. Kò tíì bọ́ nínú ìyàlẹ́nu yẹn tí wọ́n fi gbé bàbá rẹ̀ dé ilé ìwòsàn.

Dókítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó wo ojú Oníbúrẹ́dì, ó fọwọ́ kan ara rẹ̀ tó ń jó bí ààrò. “Mà, oògùn wo ni wọ́n ń lò?”

“Ọkọ mi kì í lo oògùn kankan, dókítà,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. “Kì í tiẹ̀ ṣàìsàn. Ooru iná ló mú un.”

Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bọ́ ṣòkòtò Oníbúrẹ́dì ni páálí oògùn kékeré kan bọ́ sílẹ̀ láti inú àpò rẹ̀. Dókítà mú un, ó wò ó.

“Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyí, mà. Òǹtẹ̀ wa ló wà lára rẹ̀, níbí ni wọ́n ti gbà á.”

Ìyá Màmá Kékeré la ẹnu, kò lè pa á dé. “Ọkọ tèmi? Ẹ ní ọkọ mi ń ya wèrè?”

“Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe wèrè. Àìsàn ni, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe jẹ́ àìsàn. Wọ́n sì gbọ́n tí wọ́n wá gba ìtọ́jú.”

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá Kékeré ní tirẹ̀ tẹjú mọ́ páálí náà. Bàbá òun mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn! Òun fúnra rẹ̀ ló wá ìtọ́jú lọ! Èyí túmọ̀ sí pé oògùn yẹn ló dá ẹ̀rín padà sí i lẹ́nu, kì í ṣe kápúsù.

“Ohun kan kù tí mi ò mọ̀,” ni dókítà ń wí. “Bí wọ́n bá lo oògùn yìí bó ṣe yẹ, kò ní ṣe wọ́n báyìí. Àfi bí nǹkan mìíràn bá pò mọ́ ọn. Bí mi ò bá sì mọ nǹkan náà, mo lè fún wọn ní ohun tó máa pa wọ́n.”

Màmá Kékeré fọwọ́ kan ike inú àpò rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó fún bàbá rẹ̀ ní májèlé jẹ. Gbogbo àdúgbò á gbọ́. Bí kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ó wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ń já pàtì-pàtì lórí ibùsùn.

“Èmi ni,” ló wí. “Èmi ni mò ń dà á sínú tíì wọn.” Ó yọ ike náà sórí tábìlì.

Ìyá rẹ̀ dìde fùú, ó gbé ọwọ́ sókè láti fọ́ ọ létí. Dókítà di ọwọ́ náà mú.

“Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀, mà. Ẹnu ẹ̀ la nílò. Mélòó lò ń fún wọn?”

“Mẹ́ta. Lójoojúmọ́.” Ó bú sẹ́kún. “Wọ́n ní ewé lásán ni.”

“Ṣé ewé kọ́ ni ọ̀pọ̀ májèlé, ọmọ mi? Ewé inú ike yìí àti oògùn bàbá ẹ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ọpọlọ. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á ṣe é kọjá ààlà.” Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. “Ẹ dá oògùn tiwa náà dúró. Ẹ so omi sí wọn lára, ẹ fi aṣọ tútù nù wọ́n. Kíá!”

Wọ́n nu ara Oníbúrẹ́dì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó la ojú, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Màmá Kékeré wó lulẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣe fún un.

“Abájọ tí tíì yẹn fi korò,” ni bàbá rẹ̀ wí.

“Ẹ mọ̀ pé ó korò? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń mu ún?”

“Ìwọ lo pò ó fún mi.” Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Ojú ló ń tì mí láti sọ fún yín. Mo rò pé ẹ ó máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ já sígboro.”

Ìyàwó rẹ̀ fi gèlè nu omi ojú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dárúkọ àlùbọ́sà.

Kí wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn, dókítà jókòó tì wọ́n. Ó ní oúnjẹ ń ran ọkàn lọ́wọ́ lóòótọ́, pé ọpọlọ tí kò rí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso jẹ, ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní oúnjẹ kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oògùn. Bí ohun kan bá sì dín nínú ara, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn, àwọn á sì fún èèyàn ní àfikún tó bá a mu. Ó ní, “Búrẹ́dì àti tíì nìkan kò lè gbé yín ró o, bàbá.”

“Dókítà, ẹ rọra,” ni Oníbúrẹ́dì fèsì. “Ẹ má ba ọjà mi jẹ́.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Màmá Kékeré ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Mo-Ti-Rí-I. Ìyẹn kò sọ pé òun ti rí i. Ṣe ni ojú rẹ̀ ràn. “Màmá mi ń lo kápúsù yẹn,” ló wí, “wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.” Kò dúró gbé báàgì rẹ̀ tó fi sáré lọ sílé.

Àìsàn náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá Kékeré bá bàbá rẹ̀ tó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà bẹ́kárì, tí kò sọ̀rọ̀. Ó súnmọ́ ọn.

“Dádì, báwo lọkàn yín ṣe rí lónìí?”

Ìyá rẹ̀ tó ń to búrẹ́dì dá ọwọ́ dúró. Wọn ò tíì bi ẹnikẹ́ni nírú ìbéèrè yẹn rí nínú ilé náà.

“Kò dáa,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn. “Kò dáa lónìí rárá. Bá mi dúró díẹ̀.”

Ó bá a dúró. Ó yà á lẹ́nu pé gbogbo ohun tó gbà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́, ẹ má fi oògùn kankan sínú ohun tó ń mu, ì báà jẹ́ ewé. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì mú un lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú. Díẹ̀ ló kù kí Màmá Kékeré fi ìfẹ́ pa bàbá rẹ̀.