Bàtà Tí A Fi Omi Bọ́

Àzíìzàt ya bàtà sí ẹsẹ̀ ọgọ́ta aládùúrà nínú káàdì Kérésìmesì, ibẹ̀ ló sì ti rí ọkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà, sùtánà funfun ló wọ̀, èérún igi kan há sí irun rẹ̀, ó gbá páálí káàdì mọ́ àyà. Kò wọ bàtà. Ọ̀dà títì Ore ti jó o lẹ́sẹ̀, ó ń ti orí ẹsẹ̀ kan fò bọ́ sórí èkejì. Ọkàn Àzíìzàt kò fò sókè. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ló ń fò.

"Ẹ bọ́ sórí ẹní yìí, kí ẹsẹ̀ yín tutù."

Ó bọ́ sórí ẹní. "Olúwabámiṣe lorúkọ mi. Káfíńtà ni mí. Bàbá mi, Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá, olórí ilé àdúrà wa ní Odigbo, ló ní kí n dá káàdì yìí padà."

"Kí ló ṣe é?"

Ó fa ọ̀kan yọ, ó na ìka sí i. Aládùúrà kan ló dúró nínú àwòrán náà pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, igi kòkó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló ń wọ bàtà sí sùtánà?"

"Mo mọ̀ pé ẹ kì í wọ̀ ọ́."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo máa ń rí yín lórí ọ̀dà gbígbóná yìí lọ́sàn-án gangan. Ẹsẹ̀ yín ṣe mí láàánú. Mo ní bí kò bá tilẹ̀ ṣeé ṣe lóde, kí ẹ rí i wọ̀ nínú káàdì."

Bámiṣe wò ó. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí wọ́n pín káàdì náà, páálí tó nípọn sì ti tán lọ́wọ́ Àzíìzàt. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Yàrá kan ló gbà lẹ́yìn gáréèjì, ó gbé tábìlì sójú fèrèsé, ó to ọ̀dà olómi, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ife omi méjì sórí rẹ̀. Òrùlé tó ń jò ló kọ́ ọ ní ohun tó mọ̀ jù. Òjò kán sórí káàdì Iléyá kan, ó fi òwú tẹ ibẹ̀, ó rí i pé ọ̀dà bá òwú lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé ohun tí omi kùn, omi lè bọ́ ọ.

"A ó bọ́ bàtà náà," ni ó wí.

"Ọgọ́ta?"

"Ẹ ní ọwọ́ méjì. Ẹ jókòó."

Ọ̀sán mẹ́ta ni Bámiṣe fi wá. Wọn yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tó tutù kan bàtà, wọn yóò dúró kó rọ̀, wọn yóò wá fi òwú tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jù. Páálí ni, kì í ṣe pákó."

"Pákó ni mo mọ̀. Pákó kì í bínú."

"Páálí náà kì í bínú. Ó kàn máa ń ya ni."

"Ẹ gbọ́, Ìyá Aláàánú Ẹsẹ̀," ni Bámiṣe wí ní ọjọ́ kẹta, "ojú yín dà bí..."

"Bí kí ni?"

"Mi ò tíì rí i."

"Ẹ má wá a. Omi mímọ́ ti tán. Ẹ lọ bá mi pọn ọ́n."

Bámiṣe gbé garawa, ó lọ síbi kànga. Kí ó tó lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti pọn omi kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nílé, títí kan èyí tí Àzíìzàt ti gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí yé Àzíìzàt. Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "o" láàárín àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n bàtà náà kò lọ tán. Àmì pupa rúsúrúsú kan kù lẹ́sẹ̀ aládùúrà kọ̀ọ̀kan. Àzíìzàt fúnra rẹ̀ ló bá Bámiṣe gbé wọn lọ sí Odigbo. Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá jókòó níwájú ilé àdúrà lórí àga ìrókò tí Bámiṣe kàn fún un. Olórí ìjọ ló ń jókòó síbẹ̀. Àzíìzàt kúnlẹ̀. Bàbá náà gbé káàdì kan súnmọ́ ojú.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Erùpẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ eléyìí. Ẹsẹ̀ ẹni tó ti rìn ni. Ta ló sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe rí?"

Bámiṣe ṣẹ́jú sí i pé kó gbà bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe erùpẹ̀, Bàbá. Bàtà ni. Kò lọ tán ni."

Bàbá náà wá bú sẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wa!"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ó gba gbogbo ọgọ́ta náà.

Ìfẹ́ wọn dàgbà láàárín Kérésìmesì náà àti Iléyá tó tẹ̀lé e. Bámiṣe ń gé páálí, Àzíìzàt ń kùn ún. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àwọn àgbà ìjọ ní ìyàwó ọmọ olórí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn. Ẹ̀rù ba Bámiṣe, ó wá bá a.

"Olólùfẹ́ mi, ìṣẹ́jú kan péré ni. Dúró níwájú ìjọ, sọ pé o ti di tiwa. Lẹ́yìn náà, máa kírun rẹ."

"Ṣé irọ́ ni kí n fi wọlé ọkọ?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Òun gan-an ni mo kọ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Àzíìzàt kò fi rí i. Nígbà tí Bámiṣe padà wá, ó ru tábìlì tuntun lérí, tábìlì tó ní àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ fún búrọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e sójú fèrèsé. "Mo ṣìwí," ni ó wí. Àzíìzàt to búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú àpótí náà.

Bàbá Àzíìzàt, Luqman, ti Ọ̀ṣun wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Omifunfun. Òun náà sọ tirẹ̀. "Mi ò kọ ọmọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n kí bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tọrọ ọmọ mi bó ṣe wà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́ kó dà. Bí kò bá wá, kò sí ìgbéyàwó."

Bámiṣe jíṣẹ́ náà níwájú àwọn àgbà ìjọ.

"Bí ẹ bá lọ, Bàbá," ni wọ́n wí, "ẹ ó fi àga yẹn sílẹ̀."

"Ọmọ yìí kò lè pa irọ́ bàtà fún mi," ni Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá fèsì. "Ṣé Ọlọ́run ni ẹ fẹ́ kó lọ pa á fún?"

Kò sọ bóyá òun yóò lọ.

Ní Sátidé tí wọ́n dá, òjò ti rọ̀ sí Omifunfun, ọ̀nà oko kòkó sì ti di ẹrẹ̀. Wọ́n retí títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Luqman ti ń ká ẹní nígbà tí Àzíìzàt rí sùtánà funfun láàárín igi kòkó. Ọ̀kadà kò lè gba ọ̀nà náà kọjá, bàbá náà sì fi ẹsẹ̀ lásán rin ìyókù. Ẹrẹ̀ gùn ún dé orúnkún.

Àzíìzàt sáré bu omi. Ó kúnlẹ̀, ó ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Èyí ńkọ́," ni bàbá náà bi í, "ṣé bàtà ni?"

"Ẹrẹ̀ ni, Bàbá. Èyí á lọ." Ṣùgbọ́n omijé ti gba ojú rẹ̀, kò sì rí ẹsẹ̀ tó ń wẹ̀ dáadáa mọ́. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé tí ẹ wá."

Bàbá náà tọrọ Àzíìzàt bó ṣe wà. Luqman fi ọmọ rẹ̀ lé Bámiṣe lọ́wọ́. Ààfáà ṣàdúrà, Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá náà ṣàdúrà, wọ́n sì jọ ṣe àmín.

Títí di òní, bí Àzíìzàt bá bẹ̀rẹ̀ káàdì ọdún, ti bàbá ọkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yà. Ẹ̀yìn ìjọ, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ni bàbá náà ti ń gbà á, nítorí ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé ìgbéyàwó náà, ẹlòmíràn ló jókòó sórí àga ìrókò tí ọmọ rẹ̀ kàn fún un, àga tó ti fi ọdún mẹ́jọ jókòó sí.