Sọ́fúwià Tí Kò Mọ "Rárá"

"Ẹ ṣáà fún mi ní èyí tí ọ̀rẹ́ mi lò," ni ọkùnrin tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọn wí. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí àwọn ẹ̀fọn náà ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bàtà ọ̀rẹ́ yín, ṣé ó máa ń bá yín lẹ́sẹ̀ mu?"

"Rárá o."

"Ẹ jókòó nígbà náà. Kí lẹ fẹ́ mọ̀ lára ẹ̀fọn?"

Bí a ṣe ń lo ọjọ́ ní ọ́fíìsì wa nìyẹn. Iṣẹ́ wa ni ká bá àwọn olùwádìí wá sọ́fúwià, irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, tó bá ohun tí wọ́n wọ̀n lára ẹranko, ewéko tàbí èèyàn mu. Irinṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ ju yanrìn etí òkun lọ, gbogbo wọn pátá ni mo sì mọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Kí n tó jáde girama ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rù mi. Àwọn olùwádìí ń pè mí ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní èébú ni, èmi ní oyè ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń tánni lókun. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá yán, gbogbo ilé á yán. Fáànù òkè orí wa pàápàá, á yí díẹ̀, á dúró bí ẹni tó ń ro ayé rẹ̀, á tún yí. Èmi alára ń retí àyè ní yunifásítì, àyè ò dé. Mo ka ìwé kan náà lákàtúnkà títí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi ń kí mi káàárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orí ń fọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó to àga pọ̀, ó nà gbọọrọ lé wọn lórí, ó ní kí n má jí òun àfi tí ilé bá ń jó. Bó ṣe sùn báyìí ni Àǹtí Eléku wọlé.

Eku ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú àwọn eku tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó fún àwọn kan lómi ewé kan mu, ó fún àwọn yòókù lómi lásán, ó wá wọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan nínú ẹ̀dọ̀ wọn, kó lè mọ̀ bóyá ewé náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá a yan sọ́fúwià tó yẹ. Sọ́fúwià náà sì ti sọ tirẹ̀: òun ò rí ìyàtọ̀ kankan tó ṣeé gbára lé.

Ó jókòó bí àpò tí wọ́n jù sílẹ̀. "Àbúrò, bá mi wá òmíràn."

"Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá rí èsì tán kì í pààrọ̀ irinṣẹ́ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ń sùn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣebí ìwọ ni Mo-mọ̀-ọ́n-tán? Àbí ẹnu lásán ni?"

Ẹnu lásán kẹ̀? Èmi!

"Ọ̀gá mi ń wá ọmọ tó já fáfá fún lábù wa," ó ní. "Wọ́n sì máa ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá àyè wọ yunifásítì. Tí ọwọ́ mi bá ti tẹ èsì tó dáa, ìwọ ni màá kọ́kọ́ dárúkọ."

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ebi yunifásítì ló sì ń pa mí. Mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Sọ́fúwià kan ní kò sí nǹkan kan. Òmíràn ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ń dán wọn wò lọ títí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jáde níka mi. Nígbà tó yá, mo kan ọ̀kan tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni lò rí. Kọ̀ǹpútà bá tú àwòrán pupa àti búlúù síta bí ọgbà òdòdó. Ìyàtọ̀ wà! Ìyàtọ̀ pọ̀ bí eéṣú!

Àǹtí Eléku fọwọ́ bo ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Jẹ́ n pe màmá mi."

"Kí ló kan màmá, Àǹtí?"

"Àwọn náà ní ìtọ̀ ṣúgà. Oògùn ilé ìwòsàn ti sú wọn. Wọ́n ní ọjọ́ tí n bá ti sọ pé ewé yìí ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn á da oògùn yẹn nù." Ó ti ń tẹ fóònù.

Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Kí a tó gbé sọ́fúwià tí a kò lò rí fún èèyàn, a máa ń da orúkọ pọ̀ ká fi dán an wò. Eku tó mu ewé àti èyí tó mu omi, a ó pò wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, a ó wá pín wọn sí agbo méjì láìwo èwo ni èwo. Sọ́fúwià tó bá ní làákàyè á ní òun ò rí ìyàtọ̀. N kò tíì ṣe ìyẹn. Tí n kò bá sì ṣe é, ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ń hanrun. Lábù ń dúró dè mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè wọ́n. Ẹ jẹ́ n da àwọn eku yín pọ̀ ná."

"Dà wọ́n pọ̀ fún kí ni? Ṣebí èsì ti jáde!"

Mo dà wọ́n pọ̀. Ọgbà òdòdó tún tú jáde, ó tún tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo tún wọn dà lọ́nà mìíràn. Òdòdó náà ni. Ká ní mo kó ewúrẹ́ àti bẹ́ǹṣì síbẹ̀, á ní ewé ti wo bẹ́ǹṣì sàn.

Àǹtí Eléku wo kọ̀ǹpútà títí. Ó mọ ohun tó rí.

"Irọ́ ló ń pa," ni mo wí.

"O ò bá má dà wọ́n pọ̀."

"Àǹtí..."

"Mo ní o ò bá má dà wọ́n pọ̀! Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? O mọ iye ìgbà tí eku ti gé mi jẹ? Aláṣejù! Gbàgbé lábù o." Ó gbé báàgì rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló jẹ ìyókù ìbínú náà.

Ẹ̀gbọ́n mi la ojú kan. "Ṣé ilé ń jó ni?"

Mo rò fún un. Èmi tí mo lè fi ẹnu kọ́lé alájà púpọ̀, ọ̀rọ̀ ń kọ́ mi lẹ́nu.

"Ta ló ní kó o wá òmíràn?"

"Kò sí."

"Ta ló ní kó o da eku pọ̀?"

"Kò sí."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìkejì yẹn ló gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó yíjú sí ògiri, ó ń sùn lọ.

Ó pẹ́ kí Àǹtí Eléku tó padà wá. Ó jókòó.

"Mo sọ òótọ́ fún màmá mi," ó ní. "Wọ́n bú mi dáadáa. Wọ́n ní ìwé tí mo kà ò wúlò. Ṣùgbọ́n wọ́n lo oògùn wọn láàárọ̀ yìí." Ó nu ojú. "Ọ̀gá mi ti mú ọmọ mìíràn sí lábù. Èmi náà, eku tuntun ni mo tún fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò."

"Ó rẹ èmi náà, Àǹtí."

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àyè mi ò tíì jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà níléèwé, ẹ ó pàdé ọ̀rẹ́ tó máa ní "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ó sì pàdé ọ̀nà ẹ̀bùrú tí yóò fún yín ní èsì tó dùn. Ẹni tó bá ń ní "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun gbogbo kò gbọ́ ìbéèrè yín rárá. Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, pàápàá nígbà tí ohun tó sọ bá tẹ́ yín lọ́rùn. Òótọ́ gba lábù lọ́wọ́ mi. Irọ́ ìbá gba ìyá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.