Òjìji Ọwọ́ Mi

Ìjà ló gbé ọkùnrin ayafọ́tò kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fọ́tò tọkọtaya kan tó yà, tí wọ́n gbé wá fún mi kí n tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ló gbé kalẹ̀ síwájú mi.

"Ìwọ lo yọ igi tó wà lẹ́yìn wọn?"

"Èmi ni. Ṣé kò mọ́ ni?"

"Ó mọ́. Igi ti lọ, òjìji ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Òjìji ta wá nìyẹn?"

Mo wò ó. Lóòótọ́ ni. Ojú tì mí, mo bá bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló ti sọ mí ní Ìyá Òjìji.

Kí n má purọ́, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pọ̀. Òun á ya fọ́tò, èmi á gé e, màá tò ó, màá fi àwọ̀ sí i. Ó lè ya ọmọ kan tó dúró lórí àpótí lẹ́yìnkùlé. Èmi á yọ àpótí, màá fi ìkùukùu sábẹ́ ẹ̀, ọmọ á di ẹni tó ń fò. Iyàn wa ò sì ń tán.

"Oòrùn tèmi ń ti òsì bọ̀, ìkùukùu tìẹ ń gba oòrùn láti ọ̀tún. Ayé méjì lo so pọ̀ yìí."

"Ọ̀gá oòrùn, o ò ṣe lọ bá a sọ̀rọ̀?"

Ọdún méjì la fi ń fa ara wa lẹ́sẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà niṣẹ́ gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn fún ọdún kan. Kó tó lọ, a gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a ya fọ́tò kan ṣoṣo, ọwọ́ mi wà léjìká ẹ̀.

"Tí mo bá dé, màá mú ẹ lọ rí àwọn òbí mi."

Kò tíì dé tí àìsàn fi dá bàbá ẹ̀ wó. Bàbá yìí àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti jọ ṣàdéhùn láti ìgbà èwe wọn pé àwọn ọmọ wọn á fẹ́ra. Orí ìdùbúlẹ̀ ló wà tó ní ohun kan ṣoṣo tó kù tóun fẹ́ rí láyé nìyẹn.

Ó pè mí lórí fóònù. "Olólùfẹ́ mi, bàbá mi ń kú lọ. Wọ́n ní kí n gbà."

"Kí lo sọ?"

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ẹni tí màá bínú sí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà kan wọlé. Imú ẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n, imú ọmọ ẹ̀ gan-an ni. Ó mú fọ́tò méjì jáde nínú báàgì. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú ọ̀kan. Èkejì, fọ́tò tiwa ni. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé mi kúrò, ọwọ́ mi nìkan ló kù léjìká ẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi so wọ́n pọ̀, kó dà bíi pé wọ́n jọ dúró. Bàbá wọn ò ní lè dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó. Jọ̀ọ́, bá mi yọ ọwọ́ yìí kúrò."

Mo lè ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń kú lọ ló ń retí fọ́tò. Mo jókòó. Mo yí oòrùn ojú ọmọbìnrin náà títí tó fi bá tiẹ̀ mu. Arẹwà ni. Mo wá ń pa ọwọ́ ara mi rẹ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan, látorí ọmọńdinrín. Nígbà tó kan àtàǹpàkò, tí àpá iná wà lára ẹ̀, ìyá náà tẹ̀ síwájú. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́.

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ló wí. "Ó ti sọ fún mi. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo kọ́kọ́ lọ, ọwọ́ yẹn ṣì ń hàn. Wọ́n ní ìwọ nìkan ló lè yọ ọ́." Omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, mà."

Bàbá rí fọ́tò náà. Wọ́n ní ó gbé e lé àyà, ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta ló dákẹ́.

Ọmọ ẹ̀ wálé wá sìnkú, wọ́n sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tó ku ọ̀la, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé fọ́tò náà, tó ti wà nínú férémù, kalẹ̀ síwájú mi bíi ti àkọ́kọ́.

"Ìwọ lo yọ ọwọ́ tó wà léjìká mi?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ ti lọ. Òjìji ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù mi."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o gbàgbé ni?"

"Rárá."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀.

"Ṣé kí n yọ ọ́?" ni mo bi í.

"Fi í sílẹ̀."

Ó gbé férémù há abíyá, ó lọ. Wọ́n ní inú pálọ̀ wọn ló wà títí dòní, àti pé kò sí àlejò tó rí nǹkan kan nínú ẹ̀.